CONDIGN: Ọ̀RỌ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ KAN TÍ Ó JẸ MỌ́ ÌYÀ

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwọn adájọ́ àti àwọn akọ̀wé òfin a máa lò, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ń gbà sí òdì. Ọ̀rọ̀ náà ni condign. Ẹni tí ó bá kà á nínú ìwé pé ọ̀daràn kan gba condign punishment yóò rò pé ìyà ńlá ni a fi jẹ ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìyà tí ó tọ́ sí ẹni náà, tí ó bá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mu, tí kò lé, tí kò sì dín. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá tóbi, ìyà náà yóò tóbi. Bí ó bá kéré, ìbáwí ẹnu lásán lè jẹ́ condign.

Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá. Dignus ni àwọn ará Róòmù ń pe ohun tí ó yẹ. Condignus sì ni ohun tí ó yẹ pátápátá. Ìdílé kan náà ni òun àti dignity, tí í ṣe iyì. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ ahọ́n wa: g inú dignity ń dún, ti condign kò dún rárá. Kọndáìn ni kí a pè é, kí ohùn sì tẹ apá kejì ọ̀rọ̀ náà, bí a ti ń pe sign àti benign.

Ní ìṣáájú, kì í ṣe ìyà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá rìn. Shakespeare lò ó fún ìyìn nínú eré rẹ̀ tí a ń pè ní Love's Labour's Lost, ó sì lò ó fún ìyà nínú apá kejì Henry VI. Àwọn òfin tí Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ìgbà àwọn ọba ìdílé Tudor, láti 1485 dé 1603, ni ó so ó mọ́ ìyà. Nígbà tí Samuel Johnson tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1755, ó ṣe àkíyèsí pé ohun tí ìwà ọ̀daràn bá mú wá ni a ń lò ó fún nígbà gbogbo. Ó dà bí aṣọ rere tí a kò tún wọ̀ mọ́ bí kò ṣe ní ọjọ́ ọ̀fọ̀.

Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ń gbọ́ ìwúwo nínú rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní èdè tiwa. Bí bàbá bá kígbe mọ́ ọmọ rẹ̀ pé, “Ìwọ yóò jẹ ìyà tí ó tọ́ sí ọ lónìí!” kì í ṣe òṣùwọ̀n ni ó gbé lọ́wọ́, pàṣán ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ ní ọ̀nà tí ó dára jù, pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka ni wọ́n wí, wọn kò wí apá. Èyí tí ó ṣẹ̀ ni wọ́n sì wí, kì í ṣe èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti fi ojú rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ìyà kò bá bá ẹ̀ṣẹ̀ mu. Òfin 1699 wí pé kí a yẹgi fún ẹni tí ó bá yọ́ jí ọjà tí ó tó ṣílè 5 ní ṣọ́ọ̀bù. Òfin 1713 wí bákan náà nípa ẹni tí ó bá jí ohun tí ó tó ṣílè 40 nínú ilé tí ènìyàn ń gbé. Ọkàn àwọn ará ìlú méjìlá tí í bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ kò lè gbà á. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn a wí lábẹ́ ìbúra pé ṣílè 39 ni iye ẹrù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọrùn olè náà lè bọ́ lọ́wọ́ okùn. Ìyà tí ó ga ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ ni ó sọ olóòótọ́ di elékèé níwájú adájọ́! Sir Samuel Romilly bá irú òfin wọ̀nyí jà. Ní 1808 ó mú kí a mú ìdájọ́ ikú kúrò lórí àwọn tí ń yọ owó nínú àpò ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Bíbélì Látìn. Ní Lúùkù orí 23, olè tí a kàn mọ́ agbelebu gbà pé ohun tí ó yẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì ni ó dé bá wọn, ṣùgbọ́n pé Ẹni tí ó wà láàárín kò ṣe búburú kan. Digna ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ní Róòmù 8:18, níbi tí Pọ́ọ̀lù gbé fi ìyà ayé yìí wé ògo tí ń bọ̀, condignae gan-an ni a kọ: ìyà náà kò tó ohun tí a lè fi wé ògo náà. Ibẹ̀ ni a ti rí i kedere pé ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ yìí ń wò, kì í ṣe ìnira.

Ní ilé ẹjọ́, bí ògbufọ̀ bá sọ condign di “ìyà líle” ní etí ẹlẹ́jọ́, ó ti fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí adájọ́ lẹ́nu, ẹ̀rù tí kò yẹ yóò sì ba ẹlẹ́jọ́ náà. “Ìyà tí ó tọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀” ni kí ó wí.

Níti lílò rẹ̀, iwájú punishment ni ó sábà máa ń dúró. A kì í lò ó fún ènìyàn; kò sí olè tí í ṣe condign. Kò sì dára kí a fi very síwájú rẹ̀, nítorí ohun tí ó bá ti bá ara mu, ó ti mu ná. Kò yẹ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́. Ìwé òfin àti ìtàn ni ilé rẹ̀.

Kí olùkọ́ fi èyí dán kíláàsì rẹ̀ wò. Ọmọ kan fi ìbínú ya ojú ewé mẹ́ta nínú ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ kan nà án ní ẹgba méjìlá. Òmíràn mú un jókòó kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ fún ẹni tí ó ni ìwé. Èwo nínú méjèèjì ni a lè pè ní condign? Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n tó kọ gbólóhùn wọn ní Gẹ̀ẹ́sì.