Tí Dátábéèsì Bá Dákẹ́: Unit Test fún Join Nínú Berkeley DB

Join ni mo gbé wá lónìí, pàápàá bí a ṣe ń dán an wò ká tó gbára lé e. Ìdí tí mo fi mú un ni pé tí join bá ṣìnà, kì í pariwo. Prógíráàmù ò ní dáwọ́ dúró, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn á kàn dín ni.

Berkeley DB la máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Yunifásítì California ní Berkeley ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Sleepycat ló wá ń bójú tó o, kí Oracle tó ra Sleepycat lọ́dún 2006. Kò ní server tó dá dúró. Inú prógíráàmù yín gan-an ló ń gbé. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, á fún yín ní dátà tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ la fẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. Nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kọ́kọ́rọ́:

001: O−, Ìbàdàn
002: A+, Ìbàdàn
003: O−, Ọ̀yọ́
004: O−, Ìbàdàn
005: B+, Abẹ́òkúta
006: O−, kò kọ ìlú

Dókítà kan wá béèrè pé: ta ló ní O− n'Íbàdàn? Nọ́ńbà nìkan ni dátábéèsì mọ̀, nítorí náà a máa ṣe atọ́ka méjì, ọ̀kan fún irú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan fún ìlú, a ó sì fi `associate` so wọ́n mọ́ dátábéèsì àgbà. Ẹ ṣí atọ́ka méjèèjì pẹ̀lú `DB_DUPSORT`, torí èèyàn púpọ̀ lè wà ní ìlú kan. Ẹ wá gbé cursor kan sórí O−, ẹ gbé ìkejì sórí Ìbàdàn, kí ẹ kó àwọn méjèèjì fún `join`. Ẹni tó bá wà lábẹ́ méjèèjì ló máa dá padà, títí tó fi máa sọ pé `DB_NOTFOUND`, ìyẹn ni pé ó parí.

Ẹ fọwọ́ ka ìdáhùn kí ẹ tó kọ kóòdù kankan: 001 àti 004. Ìdáhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ kà yìí ni òṣùwọ̀n. Tó bá jẹ́ ohun tí join sọ lẹ ń dà kọ sínú àyẹ̀wò, ẹ kàn ń bi í bóyá ó gbà pẹ̀lú ara rẹ̀ ni.

Tí ẹ bá fi NULL sí ipò orúkọ fáìlì nígbà tẹ́ ẹ ń ṣí dátábéèsì, inú mẹ́mórì ló máa wà. Àyẹ̀wò á yá, kò sì ní fi pàǹtí sílẹ̀. Àwọn ohun tí mo máa ń dán wò nìyí:

1. Òfìfo. Ẹ béèrè AB− n'Íbàdàn. Cursor ò ní rí AB− rárá, kí join tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé kóòdù yín á dá òfo padà wọ́ọ́rọ́wọ́, àbí á ṣubú?

2. Ìyípadà. Ẹ pa 004 rẹ́, ẹ kó 001 lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò gbọ́dọ̀ ku ẹnì kankan.

3. Ẹni tí kò kọ ìlú. Fún 006, iṣẹ́ tó ń fa ìlú yọ gbọ́dọ̀ dá `DB_DONOTINDEX` padà. Síbẹ̀, tí a bá wá O− nìkan, 006 gbọ́dọ̀ jáde.

4. Dátà àtijọ́. Tí àkọsílẹ̀ bá ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó pe `associate`, tí ẹ ò sì fi `DB_CREATE` sí i, atọ́ka ò ní mọ àwọn ará àtijọ́. Wọ́n wà nínú ilé, ṣùgbọ́n join ò ní rí wọn.

5. Àmì ohùn. Èyí kan àwa Yorùbá gan-an. Báìtì ni dátábéèsì ń fi wéra, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ «à» gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Òmíràn á kọ «a», á wá lé àmì sí i. Nínú UTF-8, «Ìbàdàn» ti àkọ́kọ́ jẹ́ báìtì 9, ti ìkejì jẹ́ 12. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú Berkeley DB, ìlú méjì ni. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, àti kí ẹ tó béèrè.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nítorí náà, ẹ kọ lúùpù kékeré kan tó ń ka dátábéèsì àgbà láti òkè délẹ̀, tó ń ṣa àwọn tó bá yẹ láìwo atọ́ka rárá. Kò yára, ṣùgbọ́n kò ní ibi tó lè fi nǹkan pamọ́ sí. Ẹ to ìdáhùn méjèèjì lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ fi wọ́n wéra. Tí wọn ò bá dọ́gba, ẹ lọ wo atọ́ka yín.

Lákòótán, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba kóòdù jẹ́: ẹ yọ `DB_CREATE` kúrò, ẹ tún àyẹ̀wò kẹrin ṣe. Ó gbọ́dọ̀ kùnà. Tó bá ṣì ní gbogbo nǹkan dáa, a jẹ́ pé àyẹ̀wò yẹn ò ṣọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí dókítà bá sì béèrè O− n'Íbàdàn, wọ́n lè sọ fún un pé kò sí, nígbà tí 004 jókòó sílé, tí fóònù rẹ̀ wà ní títàn.