Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: PROSTAGLANDIN ÀTI ỌKÀN ỌMỌ TUNTUN

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ kí á kọ́ nípa iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan tí ẹ̀mí ọmọ tuntun lè rọ̀ mọ́.

Ọmọ inú oyún kì í fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Láti ara ìyá rẹ̀, nípasẹ̀ ibi ọmọ, ni ó ti ń rí atẹ́gùn. Nítorí náà, iṣan kan wà lẹ́bàá ọkàn rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá láìdé ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí kì í jẹ́ kí iṣan yìí dí ni prostaglandin, èròjà tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀. Ulf von Euler, onímọ̀ ará Sweden, ni ó fún un ní orúkọ yìí ní 1935.

Bí a bá ti bí ọmọ tí ó sì ké, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Prostaglandin yóò dínkù, iṣan náà yóò sì dí láàárín ọjọ́ bíi mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí.

Ṣùgbọ́n a máa ń bí àwọn ọmọ mìíràn pẹ̀lú àbùkù ọkàn, tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ wọn há tàbí tí ó dí. Fún irú wọn, iṣan kékeré yẹn nìkan ni ọ̀nà. Bí ó bá dí, ọmọ tí ara rẹ̀ dá lánàá lè máa mí hẹlẹhẹlẹ lónìí, kò ní lè mu ọmú, ètè àti ahọ́n rẹ̀ yóò sì dà bí aró.

Ní 1975, àwọn dókítà New Zealand kọ̀wé pé prostaglandin lè mú kí iṣan náà wà ní ṣíṣí. Alprostadil ni à ń pe oògùn náà. Kì í pẹ́ nínú ara, nítorí náà ńṣe ni a máa ń fà á sí ọmọ lára díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Kì í wo àbùkù ọkàn. Ó kàn ń dá ẹ̀mí dúró títí di ìgbà iṣẹ́ abẹ ni. Ó sì lè mú kí ọmọ ṣíwọ́ mímí, ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe oògùn ilé.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ kíyè sí i: ibuprofen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń dín prostaglandin kù. Bí oyún bá ti dàgbà, wọ́n lè mú kí iṣan náà dí nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú. Ẹ má lò wọ́n láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì.

Bí ètè àti ahọ́n ọmọ tuntun bá dà bí aró, ẹ má ṣe dúró ro àgbo fún un. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni prostaglandin ń ṣe fún ọmọ inú oyún?
2. Kí ló dé tí a fi ń fa alprostadil sí ọmọ lára láìdáwọ́ dúró?
3. Dárúkọ àmì mẹ́ta tí ó yẹ kí á torí rẹ̀ gbé ọmọ tuntun lọ sí ọsibítù.