Ìtí, Ìdì, Òṣùṣù, Ṣírí: Èwo Ló Yẹ Ìṣirò?

Bí ọkà bàbà bá ṣì dúró lóko, pòròpórò ló gbé e ró, ṣírí ló yọ. Bí a bá gé e tigitigi, tí a kó o jọ, tí a sì fi okùn dè é, ó ti di ìtí. Ìtí yìí náà ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lò nínú àlá Jósẹ́fù, ní Jẹ́nẹ́sísì orí 37. Ìdì yàtọ̀ sí i. Ohun tí a dì ni ìdì, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè má hàn síta: ìdì aṣọ, ìdì owó. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àmì ohùn. Ìdì kì í ṣe ìdí, kì í sì í ṣe idì tó ń fò lókè.) Ní ti òṣùṣù ọwọ̀, ìdí rẹ̀ nìkan la so pọ̀, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó mú ṣírí àgbàdo kan lọ́wọ́, tó ní ìdì àgbàdo lòun rà, ó ṣì í sọ.

Ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò ní Paouignan ló mú mi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ojú ọ̀nà tó ti Bohicon lọ sí Dassa-Zoumè ni Paouignan wà, lágbègbè tí Mahi àti Ìdáàṣà jọ ń gbé. Yorùbá ni èdè Ìdáàṣà, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò. Bí ọmọ náà bá kàwé jìnnà, bóyá títí dé IMSP ní Dangbo, ilé ẹ̀kọ́ tí Jean-Pierre Ezin dá sílẹ̀ ní 1988, ó lè pàdé ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ faisceau. Kí ni yóò pè é fún ìyá rẹ̀?

Jean Leray ló mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìṣirò. Láti 1940 sí 1945, ó wà ní àhámọ́ àwọn Jámánì ní Oflag XVII-A, ní Austria. Ó fi ìmọ̀ rẹ̀ nípa bí omi ṣe ń ṣàn pa mọ́, kí wọ́n má baà lò ó fún ogun, ó sì gbájú mọ́ ẹ̀ka ìṣirò tí wọ́n ń pè ní tọpọ́lọ́jì. Ní 1946 ó gbé faisceau jáde. Ohunkóhun tí a bá kó jọ tí a sì dè ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀, títí kan igi ìdáná. Àwọn Jámánì yà sí oko ní tiwọn: wọ́n pè é ní Garbe, ìtí ọkà gan-an, wọ́n sì pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní Halm, pòròpórò. Àwọn ará Japan lo ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ohun tó wà ní ìpele-ìpele.

Ẹ wo àwọn òkè Dassa, òkè mọ́kànlélógójì tí ìlú náà fi lókìkí. Ká ní wọ́n pín ilẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, tí ìpín wọn wọnú ara wọn, kí oníkálukú kọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó ní ìpín tirẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ wọn bá bára mu níbi tí ìpín ti wọnú ara wọn, a lè so gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan. Ohun tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi gbogbo, tó sì ní kí èyí tó bára mu so pọ̀, òun ni faisceau. Kò lè jẹ́ ìdì, nítorí kò sí ohun tó pa mọ́ nínú rẹ̀. Òṣùṣù súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti so ó. Ìtí ni mo fara mọ́, torí pé pòròpórò kọ̀ọ̀kan ṣì dá dúró nínú rẹ̀, bí ojú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: homotopie. Níhìn-ín ni Yorùbá ti ràn wá lọ́wọ́ gidigidi. Okùn ń já, igi ń ṣẹ́, ìkòkò ń fọ́, aṣọ ń ya. Ẹni tó bá ní okùn fọ́ kò gbédè. Homotopie gbà wá láàyè láti fa nǹkan, láti tẹ̀ ẹ́, láti lọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ já. A ní àwíìgbọ́, a ní àjẹìwẹ̀yìn. Ọ̀nà kan náà ni mo gbà dá a lábàá pé ká pè é ní àfàìjá.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé. Ní 1895, Pierre Cousin béèrè pé bí a bá mọ ibi tí fọ́nṣọ̀n ti di òdo ní ìpín kọ̀ọ̀kan, ṣé fọ́nṣọ̀n kan ṣoṣo wà tó bá gbogbo wọn mu? Nígbà tí nọ́ńbà kọ́ńpúlẹ́ẹ̀sì tó ń yí bá ju ẹyọ kan lọ, ìdáhùn kì í rọrùn. Ní 1939, Kiyoshi Oka fi hàn pé lórí àwọn àgbègbè kan, bí a bá ti rí èyí tí kò já, a ó rí èyí tó jẹ́ hólómọ́fíìkì, tí òfin rẹ̀ le jù ú lọ fíìfíì. Hans Grauert mú un gbòòrò ní 1957 àti 1958. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ àwọn tó tọ ipasẹ̀ wọn ni láti fa ohun tí kò já díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di hólómọ́fíìkì, láìjá lójú ọ̀nà. Àfàìjá lórí ìtí nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kẹta: germe. Èhù ni, bí èhù iṣu: ìwọ̀nba tó hàn nínú fọ́nṣọ̀n lójú ibì kan ṣoṣo àti ní tòsí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Gbogbo èhù ojú kan ló para pọ̀ di pòròpórò rẹ̀. Ní ti hólómọ́fíìkì, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí a bá fipá dá fún un yóò gùn ju àlàyé rẹ̀ lọ.