Ẹ̀gbọ́n Fún Àbúrò Rẹ̀ Ní Mùdùnmúdùn

Bí ẹ̀gún bá gún ọmọdé lẹ́sẹ̀, tí egbò náà sì wú, nígbà mìíràn kókó kan a yọ sí ìdí itan rẹ̀. Bí ó bá fọwọ́ kàn án, a máa dùn ún. Ẹsẹ̀ ni ẹ̀gún gún. Kí ló dé tí kókó fi yọ sí ìdí itan?

Kòkòrò àrùn ló gba ojú egbò wọlé. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ara ní ọmọ ogun tirẹ̀. Àwọn náà kéré púpọ̀. Dókítà ń pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì funfun.

Inú egungun ni a ti ń bí wọn. Ẹni tó bá ti fọ́ egungun ẹran rí mọ ohun rírọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Mùdùnmúdùn ni. Ènìyàn náà ní in. Inú rẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun lójoojúmọ́.

Àwọn ọmọ ogun ara ní ibi ìpàdé. Àwọn kókó kéékèèké ni. Wọ́n wà ní ọrùn, ní abíyá àti ní ìdí itan. Bí kòkòrò àrùn bá dé, àwọn ọmọ ogun a pé jọ síbẹ̀, wọn a sì pọ̀ sí i. Nígbà náà ni kókó a wú. Kí ọmọ fi omi àti ọṣẹ fọ egbò rẹ̀, kí ó má ṣe tẹ kókó náà, kí ó fi han ìyá tàbí bàbá rẹ̀.

Àwọn ọmọ kan wà tí a bí láìní ọmọ ogun yìí. Àìsàn kékeré lè pa wọ́n. Ní ọdún 1968, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin ni, kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ti kú nínú ẹbí wọn ṣáájú rẹ̀.

Dókítà Robert Good àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá ẹni tí mùdùnmúdùn rẹ̀ lè bá ti ọmọ náà mu. Ti bàbá tàbí ìyá kì í sábà bá ti ọmọ mu. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n yàn. Ọmọdé ni òun náà. Wọ́n fa díẹ̀ nínú mùdùnmúdùn rẹ̀, wọ́n fi sí ara àbúrò rẹ̀.

Kò rọrùn. Àwọn ọmọ ogun tuntun kọ́kọ́ bá ara ọmọ náà jà, nítorí àlejò ni wọ́n níbẹ̀. Dókítà tún fún un ní mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Díẹ̀díẹ̀, ó mú ara le. Ọmọ náà yè, ó sì dàgbà.

Ẹni tó fún ni ní mùdùnmúdùn kì í pàdánù rẹ̀ títí láé. Ara rẹ̀ a máa ṣe òmíràn rọ́pò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìbéèrè
1. Níbo ni a ti ń bí àwọn ọmọ ogun ara?
2. Dárúkọ ibi mẹ́ta tí kókó kéékèèké wà.
3. Kí ni ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe bí kókó bá yọ sí ìdí itan rẹ̀?
4. Kí ni ẹ̀gbọ́n fún àbúrò rẹ̀? Kí ló dé tí kì í ṣe bàbá wọn ni wọ́n yàn?