Ibùdó Ọkọ̀ Ojú Irin Ṣábẹ̀ẹ́

Ọdún 1900 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, lọ sókè. Ó dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní 1911, ṣùgbọ́n ó di àwọn ọdún 1930 kó tó wọ Parakú, ìrìn kìlómítà 438 láti Kútọnu. Mítà kan péré ló wà láàárín irin méjèèjì.

Láyé ọkọ̀ èrò, bí ọkọ̀ bá ti dúró, àwọn obìnrin á ti gbé igbá oúnjẹ dé ẹnu fèrèsé: owó á bọ́ sísàlẹ̀, oúnjẹ á wọlé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí èyí ti dópin.

  Ọkọ̀ èrò kò yà sí Ṣábẹ̀ẹ́ mọ́.