Fìlà Tí A Kò Fọwọ́ Ara Wa Dé

Ìwé ìtàn kan ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1967 ni John Christopher, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé The White Mountains jáde fún àwọn ọ̀dọ́. Nínú rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ gàgàrà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó ń ṣàkóso ayé. Wọn kò nílò pàṣán. Bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí ọdún 14, wọn a fá orí rẹ̀, wọn a sì fi àwọ̀n irin kan bíi fìlà dé e lórí. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tí ẹ̀rọ bá fẹ́ ni ọmọ náà yóò máa fẹ́. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ àsè ni ọjọ́ fìlà. Ẹbí a pé jọ, inú òbí a sì dùn. Jack, ìbátan Will tí ìtàn náà dá lé lórí, a máa béèrè ìdí ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé e ní fìlà tán, ìbéèrè parí. Will sá lọ kí ó tó kàn án. Ibi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ọkàn padà lójú ọ̀nà kì í ṣe inú ebi tàbí òtútù, inú ilé ọlọ́lá kan tí wọ́n ti ń kẹ́ ẹ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ Súrátul-Ànbíyáà. Láti áyà 51 ni ìtàn Ànábì Ibrahim ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà; áyà 60 pè é bẹ́ẹ̀. Ó bi bàbá rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí ni àwọn ère tí wọ́n takú tì wọ̀nyí. Èsì wọn kò ju pé àwọn bá àwọn bàbá àwọn nídìí rẹ̀ ni. Nígbà tí ó fọ́ àwọn ère náà, tí ó fi àgbà wọn sílẹ̀, tí ó ní kí wọ́n bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀, áyà 64 fi yé wa pé wọ́n ro inú ara wọn wò, wọ́n sì gbà pé àwọn gan-an ni alábòsí. Fìlà ṣí díẹ̀! Ní áyà 65, wọ́n ti tún yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Èkó tiwa. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ àwọn ìjọ Nọ̀sáárá ni ilé ìwé pọ̀ sí. Ẹ̀rù tí ó ba àwọn bàbá wa kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ọmọ lè jáde nílé ní Súlè, kí ó ti ilé ìwé dé ní Sámúẹ́lì. Ìjọba dá ilé ìwé kan sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí Èkó ní ọdún 1896, Edward Blyden sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe akitiyan rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òbí kò yọ̀ǹda ọmọ. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà, bí ó ti ní ìdí tó, di fìlà kejì. Wọ́n sá fún ẹni tí yóò gba ọkàn ọmọ wọn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ìmọ̀ mọ́ ọmọ náà lójú. Iṣẹ́ akọ̀wé àti ti ìjọba wá ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan ní Èkó dá ẹgbẹ́ Young Ansar-ud-Deen sílẹ̀. Wọn kò kúrò nínú ẹ̀sìn, wọn kò sì bú àgbà. Ìbéèrè ni wọ́n béèrè: ṣé ìwé ni ó ń sọni di Nọ̀sáárá ni, àbí ẹni tí ó ni ilé ìwé? Wọ́n kọ́ ilé ìwé tiwọn sí Alákòrò, níbi tí ọmọ ti lè kàwé kí ó sì máa jẹ́ Súlè lọ. (Nígbà tí ó yá, wọ́n yọ “Young” kúrò nínú orúkọ ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti di bàbá.)

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe gbogbo títẹ̀lé ni fìlà irin. Nínú ìrun, ẹsẹ̀ kan náà la jọ ń tò, bí lémọ́ọ̀mù bá tẹ̀, gbogbo wa a tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe àṣìṣe, òfin ti fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn ní ẹnu: ọkùnrin a ní “Subhanallah”, obìnrin a pàtẹ́wọ́, lémọ́ọ̀mù a sì ṣe àtúnṣe. Ẹ wá fi èyí wé ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó yá owó ra ànkóò nítorí “kí ni ẹgbẹ́ á wí?” Ta ni ó ní “Subhanallah” fún un? Tàbí àlùfáà tí ó bínú nítorí pé a bi í ní ẹ̀rí. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tiwa náà kò bọ́ níbẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí à ń ṣe nítorí pé báyìí la ṣe bá a.

Kí ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó dé, ẹ ka áyà 51 sí 70. Kí olúkúlùkù mú ohun kan tí à ń ṣe nínú ẹgbẹ́ wá, kí ó béèrè ẹ̀rí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má jókòó sẹ́yìn kí ẹ máa wò wá.