Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Wa: Ẹ Wọ Táńkì Omi Gbígbóná Yín Láṣọ

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé nílùú Ọba, púpọ̀ nínú yín ló wà nínú ilé àtijọ́ tí táńkì omi gbígbóná rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tóóró, níbi tí ẹ ń ká táwẹ̀lì sí. Bí kọ́bọ́ọ̀dù náà bá ń móoru tọ̀sán-tòru, owó yín ló ń gba ibẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ bí ẹ ó ṣe dá a dúró.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú táńkì tí ẹ ní. Táńkì bàbà tó wà níhòòhò, tàbí èyí tí jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ti gbó wà lára rẹ̀, ló nílò aṣọ jù. Èyí tí fómù líle ti lẹ̀ mọ́ lára láti ilé iṣẹ́ ti ní tirẹ̀. Bí fómù náà bá tín-ín-rín, ẹ lè fi jákẹ́ẹ̀tì lé e. Bí ẹ bá rí ohun funfun líle tí wọ́n rẹ́ mọ́ páìpù látijọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ asbestos, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọdún 1999 ni wọ́n tó fòfin dè é tán nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

2. Ẹ pa iná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa immersion (irin oníná tó ń mú omi gbóná nínú táńkì) àti bọ́ílà, kí omi tutù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti ẹ̀wù alápá gígùn, nítorí òwú tí wọ́n fi gíláàsì ṣe, tó wà nínú jákẹ́ẹ̀tì, ń yúnni bíi wèrèpè.

3. Ẹ wọn táńkì kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ wọn gíga àti ìbú rẹ̀, kí ẹ sì ra jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn tó 80mm. Ege-ege ni jákẹ́ẹ̀tì yìí máa ń wà, èyí ló jẹ́ kó ṣeé lò níbi tó há. Ẹ má ṣe sún táńkì, ẹ má tú páìpù kankan. Ẹ so orí àwọn ege náà pọ̀ lókè, kí ẹ wá sọ wọ́n kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Igi ìgbálẹ̀ ni kí ẹ fi ti ti ẹ̀yìn wọlé, kí ẹ sì fi gba bẹ́líìtì rẹ̀ kọjá.

4. Ẹ má fún bẹ́líìtì jù. Afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ nínú òwú ló ń dá ooru dúró. Bí òwú bá ti pẹlẹbẹ, ó di aṣọ lásán. Bí ẹ̀yìn táńkì kò bá gba 80mm, ẹ gé pákó fómù líle, kí ẹ fi tẹ́ ògiri ibẹ̀, pàápàá bí ògiri náà bá kọjú síta. Ẹ má sì gbàgbé orí táńkì: òkè ni omi tó gbóná jù máa ń wà.

5. Ẹ mọ ibi tí a kì í bò. Ẹ má bo orí immersion, thermostat (ohun tó ń díwọ̀n ooru omi) tàbí wáyà iná. Ìta jákẹ́ẹ̀tì ni kí wáyà gbà, torí ooru ń ba á jẹ́. Bí táńkì yín bá ń gba agbára omi ìlú tààrà, ẹ má bo fáàfù ààbò rẹ̀ àti páìpù tí omi ń gbà jáde lára fáàfù náà. Ẹ má sì fọ́n fómù tó ń wú kún kọ́bọ́ọ̀dù: bí táńkì bá ń jò, ẹ kò ní í tètè mọ̀.

6. Ẹ wọ páìpù náà láṣọ. Èyí tó ń gbé omi gbígbóná jáde lókè, àti àwọn tó so bọ́ílà mọ́ táńkì, ni kí ẹ fi ṣáájú. Rọ́bà fómù tó bá páìpù 15mm tàbí 22mm mu ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò.

7. Ẹ má torí owó fi ẹ̀mí wewu. Ẹ fi thermostat sí 60°C. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, kòkòrò àrùn Legionella lè máa gbèrú nínú omi.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ kọ́kọ́ sọ fún onílé. Kọ́bọ́ọ̀dù kò ní í móoru bíi tàtẹ̀yìnwá, aṣọ inú rẹ̀ yóò sì pẹ́ díẹ̀ kó tó gbẹ. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀: omi tí ẹ san owó lé lórí ni ooru náà wà fún.